Gbogbo Ẹ̀ Kọ́ Ni Magùn: Ohun Tó Yẹ Kí Ọkùnrin Mọ̀ Kó Tó Gbé Oògùn Ọkùnrin Mì

Irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ kárí àdúgbò. Wọ́n bá ọkùnrin kan nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀mí ti bọ́, obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ káwọ́ lérí, ó ń pariwo. Kí ọlọ́pàá tó débẹ̀, àwọn èèyàn ti dá ẹjọ́ tán: magùn ni. Ẹlòmíì á ní rárá o, oògùn ló lò. Ẹlòmíì á tún fèsì pé irọ́ ni, ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń lò ó, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Wọ́n á máa jà á lọ báyìí títí ìròyìn mìíràn á fi dé, láìsí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè: oògùn wo ni ọkùnrin yẹn ń lò fún àyà tàbí fún ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó di ọjọ́ náà?

Àyẹ̀wò òkú nìkan ló lè sọ ohun tó pa ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú. Hóró oògùn yìí ti ran ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, àmọ́ ó lè di ewu ńlá tó bá pàdé àwọn oògùn kan tàbí àwọn àìsàn kan nínú ara. Ìpàdé yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wa béèrè, mi ò sì fẹ́ kí ìtìjú sọ obìnrin kankan di opó.

Oògùn wo gan-an là ń sọ?

Ká kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Kí nǹkan ọkùnrin kọ̀ láti dìde, tàbí kó dìde kó tún rọ kí tọkọtaya tó ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, òun ni à ń sọ. Alẹ́ ọjọ́ kan tó rẹ èèyàn, tàbí tí ìrònú owó ilé ìwé àwọn ọmọ gbà á lọ́kàn, kò sọ ẹnikẹ́ni di akúra. Kí ọkùnrin máa tètè parí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àìrọ́mọbí náà, ọ̀tọ̀ ni. Hóró tí à ń sọ kì í ṣe oògùn àwọn méjèèjì yìí.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni sildenafil, tí orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi tà á ń jẹ́ Viagra. Tadalafil wà, òun ni Cialis. Vardenafil náà wà, òun ni Levitra. Ní kẹ́míìsì tiwa, orúkọ ara páálí lè pọ̀ bí ewé, torí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe oògùn kan náà. Ẹ má wo orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú nìkan. Ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí sildenafil tàbí tadalafil àti iye mílígíráàmù rẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá wo ibẹ̀ lè ra páálí méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, kó rò pé oògùn méjì ni, kó sì gbé ìlọ́po méjì oògùn kan ṣoṣo mì.

Ọ̀nà wo ló ń gbà ṣiṣẹ́?

Nǹkan ọkùnrin kò ní egungun. Ẹ̀jẹ̀ tó ya wọ inú rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, ló ń mú un le. Ẹ fi wé ọgbà tó ní géètì. Bí ọkàn ọkùnrin bá ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ara á ránṣẹ́ sí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n dẹ̀. Géètì á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á wọlé. Tó bá yá, mẹ́gáàdì kan wà nínú ara tí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ti géètì náà padà, kí ohun gbogbo lè rọlẹ̀. Nínú ara ẹni tí iṣan rẹ̀ kò dá ṣáṣá mọ́, iṣẹ́ tí ara rán kò lágbára tó. Géètì á ṣí díẹ̀, mẹ́gáàdì á sì ti dé kí ẹ̀jẹ̀ tó kún.

Ohun tí sildenafil ń ṣe kò ju pé ó di mẹ́gáàdì yẹn lọ́wọ́ mú. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣí géètì. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó lò ó, tó wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tó ń wo bọ́ọ̀lù, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kò lè fún ẹni tí kò ní ìfẹ́ ní ìfẹ́, kò sì lè parí ìjà tó wà láàárín tọkọtaya.

Ìtàn bó ṣe délé ayé gan-an ló ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer tó wà ní ìlú Sandwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá oògùn fún àyà dídùn tó ń bá àwọn tí iṣan ọkàn wọn ti há. Oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ fún àyà, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń dán an wò rí nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn fún nǹkan ọkùnrin tí kò le. Oògùn iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá látìbẹ̀rẹ̀, oògùn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ló sì jẹ́ títí dòní. Kò mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó lọ. Ó ń dẹ iṣan ní orí, ní ojú, ní imú, ní gbogbo ara, ó sì ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Orí fífọ́, kí ojú máa gbóná, kí imú dí, kí ikùn máa ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Àwọn mìíràn á rí àwọ̀ búlúù lára ohun tí wọ́n ń wò fún ìgbà díẹ̀. Ìwọ̀nyí sábà máa ń lọ fúnra wọn.

Ta ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá?

Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé ìpín yìí.

Àwọn oògùn kan wà tí dókítà ń fún ẹni tí àyà ń dùn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn rẹ̀ dáadáa. Nitrate ni wọ́n ń pè wọ́n. Glyceryl trinitrate ni ọ̀kan, hóró kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Isosorbide dinitrate àti isosorbide mononitrate náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń ké sí gbogbo géètì inú ara pé kó ṣí. Ẹ wá wò ó: nitrate ń pariwo pé ẹ ṣí, sildenafil sì ti di ọwọ́ ẹni tí ì bá tì í mú. Kò sí ẹni tí yóò ti géètì mọ́.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá ti gbé ilé alájà tó ń lo táǹkì omi kan ṣoṣo. Bí gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ bá ṣí ẹ̀rọ omi wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà ní òkè pátápátá kò ní rí omi kán. Ọpọlọ ló wà ní àjà òkè nínú ara wa. Ìfúnpá á já wálẹ̀, ojú á ṣú, ọkùnrin náà á ṣubú. Ọkàn fúnra rẹ̀ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó, ọkàn tó sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí pé kí ẹ dín in kù, kò sí pé kí ẹ lo ìdajì. Ẹni tó bá ń lo nitrate, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ lo oògùn ọkùnrin yìí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York náà nílò ìkìlọ̀ yìí, torí ohun tí wọ́n ń fín sí imú ní ilé ijó, tí wọ́n ń pè ní poppers, ẹbí nitrate ni.

Ibi tí ìtìjú ti ń pa èèyàn wà níbí. Ọkùnrin lo hóró náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òru, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà sì fẹ́ fún un ní nitrate, torí ohun tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń dùn nìyẹn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, oògùn tó yẹ kó gbà á ló máa ṣe é ní jàǹbá. Ó kéré tán, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn sildenafil, wákàtí 48 lẹ́yìn tadalafil, kí wọ́n tó lè ronú nitrate. Nítorí náà, bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ dáwọ́ ohun tí ẹ ń ṣe dúró, ẹ má fi nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n, ẹ lọ sí ọsibítù kíá, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba: mo lo sildenafil, aago báyìí ni mo lò ó. Kí ìyàwó ilé náà mọ̀, kó lè sọ ọ́ bí ọkọ rẹ̀ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Yàtọ̀ sí àwọn tó ń lo nitrate, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọlù láàárín oṣù 6 sẹ́yìn ní láti dúró. Ẹni tí àyà máa ń dùn tó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ náà ní láti kọ́kọ́ rí dókítà, torí ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ agbára ni fún ọkàn.

Ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè lò ó?

Àwọn kan gbà pé èèwọ̀ ni fún gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn mìíràn gbà pé kò sí ìṣòro kankan. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà ní ìkáwọ́, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, lè lò ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà bí dókítà bá ti wo àwọn oògùn tó ń lò. Èyí tó léwu ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí ní ìkáwọ́, tàbí èyí tí ẹni tó ní in kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní.

Mo jókòó nínú kẹ́míìsì kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan nígbà tí bàbá kan tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún wọlé. Ó ń yẹ páálí ọṣẹ wò títí àwọn obìnrin tó ń ra oògùn ibà fi jáde. Ó wá sún mọ́ káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ fún mi ní ti ọkùnrin yẹn." Ọmọbìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n wo ìfúnpá yín ná."

"Ọmọ mi, kí ló kan ìfúnpá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ síbẹ̀, bàbá."

Ó fi ẹ̀rọ sí bàbá lápá. 182 lórí 114. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wò, kò yàtọ̀. Bàbá ní nǹkan kan kò dun òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń rí. Bó bá ti ju 170 lórí 110 lọ, tàbí tí kò tó 90 lórí 50, oògùn yìí kò tíì yá. Ọmọbìnrin náà kò tà á. Ó kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, ó fi lé bàbá lọ́wọ́, ó ní kó gbé e lọ bá dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó ń dí ìtọ̀ lọ́wọ́ tó bá wú, kún un, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n sábà máa ń dé. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ìtọ̀ kì í yá lára rẹ̀, bíi tamsulosin, terazosin tàbí doxazosin, máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú wọn, 25 mílígíráàmù sildenafil ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún un, kó má bàa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó ṣubú lulẹ̀.

Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n ń yọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jù sẹ́yìn ilé, torí wọ́n ní òun ló sọ nǹkan àwọn di aláìlera. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni: oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́, àti àwọn bí atenolol, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà, oògùn mìíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi rọpárọsẹ̀ san gbèsè yìí.

Oògùn mìíràn wo ló ń bá a jà?

Ẹ̀dọ̀ ló ń gbọ́n oògùn yìí kúrò nínú ara, bí gọ́tà ṣe ń gbé omi òjò lọ. Àwọn oògùn kan máa ń dí gọ́tà yẹn: ketoconazole àti itraconazole tí wọ́n ń lò fún àwọn àrùn bíi làpálàpá, erythromycin àti clarithromycin tó ń pa kòkòrò àìsàn, àti ritonavir tó wà nínú àwọn oògùn HIV kan. Bí gọ́tà bá dí, garawa omi kan á di àgbàrá. Hóró kan lè ṣe bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo ritonavir, kò gbọdọ̀ kọjá 25 mílígíráàmù sildenafil láàárín wákàtí 48. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tó ti lé ní ọdún 65, ìwọ̀n kékeré náà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Tó bá le tí kò rọ̀ mọ́ ńkọ́?

Àwọn èèyàn máa ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í rẹ́rìn-ín. Bí nǹkan ọkùnrin bá le fún ohun tó ju wákàtí 4 lọ, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti di ògbólógbòó, kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, ó lè má dìde mọ́ láéláé. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, ní òru náà. Ẹ má dúró ti yìnyín tàbí àgbo.

Àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù níbí. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn máa ń dí iṣan fúnra rẹ̀, ìṣòro yìí sì ń bá wọn láìlo oògùn kankan. Nílẹ̀ wa tí àrùn yìí pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ bóyá òun jẹ́ SS tàbí SC kó tó ra hóró yìí. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí ojú kan bá ṣú lójijì, tàbí tí etí kan di lójijì, ẹ má lò ó mọ́, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè.

Àgbo àti oyin ńkọ́? Ṣebí ewé ni?

Mi ò kórìíra àgbo. Àgbo ni wọ́n fi wẹ èmi náà. Ẹni tó ń já ewé tó mọ̀, tó sì mọ ẹni tó ń fún, mi ò bá a jà. Èyí tí mo ń bá jà ni ike tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ àti ní ìdí páràgà, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ oògùn ti bá sildenafil tàbí tadalafil nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2022, àjọ FDA Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ta oyin fún agbára ọkùnrin, torí wọ́n bá oògùn yìí nínú oyin náà, wọn kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó ń lo nitrate, tó sì sá fún Viagra nítorí ẹ̀mí rẹ̀, lè lá oyin yẹn kó rò pé òun kò lo nǹkan kan. Bí àgbo tàbí oyin kan bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan bíi hóró òyìnbó gẹ́lẹ́, tí orí sì ń fọ́ yín, tí imú dí, ẹ fura.

Èèpo igi tí àwọn Hausa ń pè ní burantashi náà ní agbára tirẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè gbé ìfúnpá sókè, kó mú àyà máa lù kìkì. Ti tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń pò mọ́ ọn kí wọ́n lè pẹ́, oògùn ìrora ni, ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá mímí dúró tí ọtí bá wà níbẹ̀.

Mélòó, ìgbà wo?

Sildenafil, ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bíi wákàtí kan ṣáájú. 50 mílígíráàmù ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, 100 sì ni òpin. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni oúnjẹ. Ọkùnrin á jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá, á gbé hóró mì lé e, wákàtí kan á kọjá, kò rí nǹkan kan. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á fi ìkejì kún un. Ọ̀rá ló fa sildenafil sẹ́yìn, kò tíì dé ni. Nígbà tí méjèèjì bá dé pọ̀, ilẹ̀ á máa yí i. Oúnjẹ kì í dí tadalafil lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lè pẹ́ tó wákàtí 36, nítorí náà ẹni tó lò ó lálẹ́ Fúráìdé ṣì ní in lára lọ́jọ́ Sátidé. Ọtí púpọ̀ ń fa ìfúnpá wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọtí púpọ̀ náà ló sì ń sọ nǹkan di aláìlera.

Kí ló dé tí kò fi le mọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú rírà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ. Bí ọ̀rá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí iṣan ara, tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń dí. Nítorí náà, nǹkan tí kò le mọ́ lè jẹ́ àmì pé ti ọkàn ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà máa ń ba iṣan jẹ́ láìdún. Àwọn èèyàn wa sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló fà á, wọ́n sì ń mu àgbo lé e. Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn kò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni ká lọ wò ó.

Bàbá ọjọ́sí yẹn, ọdún méjì ló ti fi ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n wo ṣúgà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, méjèèjì ló ga. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ni wọ́n fún un lọ sílé, wọn kò fún un ní ohun tó wá rà. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó padà wá sí kẹ́míìsì náà, ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 134 lórí 84. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, sildenafil wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tó yẹ kó lò. Obìnrin mẹ́ta ló wà lórí ìlà. Ó tò sẹ́yìn wọn, nígbà tó kàn án ó na ìwé náà sí ọmọbìnrin apòògùn, ó sì sọ ohun tó fẹ́ rà ní ohùn rẹ̀ gan-an.